Bí a ṣe ń wọn ìfà sítóòfù pẹ́lẹ́ẹ̀tì kí a tó yí ohunkóhun

Gíláàsì sítóòfù yín ti dúdú kí ilẹ̀ tó ṣú, iná inú rẹ̀ ń jó wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn, pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn hóró kéékèèké tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀, sì ń gun orí ara wọn nínú ìkòkò iná. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé ká na ọwọ́ sí irin tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ká fà á síta díẹ̀, ká máa wò ó. Bí kò bá yí padà, a ó tún fà á. Lọ́jọ́ kejì, a ó wọ inú bọ́tìnnì ìṣàkóso, a ó fi kún eré fáànù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà sítóòfù á kú lóru, lásìkò tí omi ìta ti di yìnyín, kò sì ní sẹ́ni tó rántí ibi tí ohun gbogbo wà tẹ́lẹ̀.

Mo ń kọ èyí fún àwọn ará wa tó wà nílẹ̀ òtútù, ní Maine, ní Minnesota, ní òkè New York, tí wọ́n ra ilé tí wọ́n sì bá sítóòfù pẹ́lẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀, tàbí tí owó epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná ti lé wọn dé ìdí rẹ̀. Ojú lásán kò lè wọn ìfà. Géèjì ló ń wọ̀n ọ́n. Ìlànà tí ẹ ó fi sọ́kàn kò sì ju ọ̀kan lọ: nínù ṣáájú dídí, dídí ṣáájú wíwọ̀n, wíwọ̀n ṣáájú yíyí. Ẹni tó bá ti orí yíyí bẹ̀rẹ̀, ìdọ̀tí ló ń fi fáànù bò mọ́lẹ̀.

Ìfà tí mo ń wí ni agbára tí fáànù èéfín fi ń fa afẹ́fẹ́ gba inú ìkòkò iná kọjá. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ máa ń ti afẹ́fẹ́ sínú iná ni. Fáànù yìí ń fà á láti òdìkejì. Nítorí náà, yàrá iná, ìyẹn àyè ẹ̀yìn gíláàsì tí ìkòkò iná jókòó sí, máa ń wà lábẹ́ ìfà, afẹ́fẹ́ ilé ló ń fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èéfín bá ti kọjá fáànù, ó di pé wọ́n ń tì í lọ. Bí oríkèé páìpù bá jò, inú ilé ni èéfín ń bọ̀. Ibi méjì yìí, yàrá iná àti páìpù, ni a ó ti wọ̀n, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo máa ń tan ènìyàn jẹ.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Àkọ́kọ́ ni ìwé tó bá sítóòfù yín wá. Bó bá ti sọnù, orúkọ àti nọ́ńbà sítóòfù wà lára àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí abẹ́ ọmọrí àpótí pẹ́lẹ́ẹ̀tì; ẹ fi wá ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láìsí ìwé yìí, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, géèjì. Mànómítà oní-nọ́ńbà tó lè ka 0.001 íǹṣì omi ló dára jù. Géèjì alábẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Magnehelic, èyí tó ń ka 0 sí 0.25 tàbí 0 sí 0.50, náà dára. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ná owó dànù: wọ́n á ra mànómítà tí àwọn oníṣẹ́ gáàsì ń lò, tí kò lè ka nǹkan tó kéré tó báyìí. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àpò sìmẹ́ǹtì kò lè wọn iyọ̀ ọbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, íǹṣì omi ni wọ́n fi ń ka ìfà. Ní Yúróòpù, Pascal ni. Íǹṣì omi kan jẹ́ Pascal 249, nítorí náà 0.10 íǹṣì jẹ́ nǹkan bíi Pascal 25. Bí ìwé yín bá fi ọ̀kan kọ ọ́ tí géèjì yín sì ń ka èkejì, ẹ ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ kí iná tó gbóná.

Àwọn tó kù:
- rọ́bà sílíkọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ẹnu géèjì mu, pẹ̀lú páìpù bàbà tàbí irin tó nípọn tó ìdámẹ́rin íǹṣì, tó sì gùn tó íǹṣì mẹ́fà. Irin ni yóò wọ ibi tó gbóná; rọ́bà kò gbọ́dọ̀ débẹ̀;
- ẹ̀rọ ìfaruku tí wọ́n dìídì ṣe fún eérú, búrọ́ọ̀ṣì tó bá páìpù yín mu, yálà oní-íǹṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tọ́ọ̀ṣì, ìbòmú àti ìbọ̀wọ́;
- bébà pẹlẹbẹ, igi tùràrí kan, gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù tó ń gba ooru gíga, síkúrúù irin tí kì í dípẹtà;
- ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò;
- pẹ́lẹ́ẹ̀tì gbígbẹ láti inú àpò kan náà, kí ẹ má baà máa dá ìfà lẹ́bi fún ohun tí igi tútù ṣe. Èyí tí wọ́n kọ PFI Premium, àmì ẹgbẹ́ pẹ́lẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà, sí lára, eérú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ. ENplus A1 ti Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ ju 0.7 lọ.

Aago ìkìlọ̀ fún kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì gbọ́dọ̀ ti wà lára ògiri kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí bátìrì rẹ̀ sì lágbára. Gáàsì yìí ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ti pa ìdílé mọ́jú nílé wa lọ́hùn-ún. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Bí aago náà bá ké nígbàkigbà nínú iṣẹ́ yìí, ẹ jáde, gbogbo yín, kí ẹ sì pe panápaná láti ìta. Ẹ má dúró wá ibi tó ti ń jò.

1. Ẹ wá nọ́ńbà tí ìwé yín béèrè

Ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n ti kọ ìfà. Ohun mẹ́ta ni ẹ ń wá níbẹ̀: iye náà, ibi tí wọ́n ní kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, yàrá iná tàbí páìpù, àti ipò tí sítóòfù gbọ́dọ̀ wà, iná kékeré tàbí iná ńlá, gbígbóná tàbí tútù. Iye láìsí ibi àti ipò kò wúlò.

Ẹ má yá nọ́ńbà aládùúgbò. Sítóòfù kan lè béèrè 0.05 nínú yàrá iná, òmíràn lè béèrè 0.30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, méjèèjì á sì máa jó dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìwé sítóòfù tó ti Ítálì wá kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ yàrá iná: ìfà páìpù ni wọ́n ń kọ, ó sì sábà máa ń wà ní àyíká Pascal 10 sí 12. Mo ti rí ẹni tó mú Pascal 12 yẹn, tó sọ ọ́ di 0.05 íǹṣì, tó wá ń lépa rẹ̀ nínú yàrá iná sítóòfù Amẹ́ríkà. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi lépa rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹ lè kọ gbólóhùn kan sínú ìwé yín báyìí pé, “iye báyìí, ní ibi báyìí, nígbà tí iná bá wà ní ipò báyìí”? Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ tún kà á, tàbí kí ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

2. Ẹ nù ún débi tí ojú kì í dé

Ẹ pa sítóòfù, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri. Eérú máa ń fi ẹyin iná pamọ́ sínú. Ẹ fún un ní odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó kì í bọnú ẹ̀rọ ìfaruku. Ẹ má lo èyí tí ẹ fi ń gbá kápẹ́ẹ̀tì: ẹyin iná kan ṣoṣo tó láti dáná sun ún, eérú lẹ́búlẹ́bú sì máa ń gba inú asẹ́ rẹ̀ kọjá padà sínú ilé.

Ìkòkò iná ni gbogbo ènìyàn máa ń nù. Ẹ nù ún lóòótọ́, kí ẹ sì gún ihò ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí eérú tó yọ́ máa ń dì síbẹ̀ bí ìdàrọ́ alágbẹ̀dẹ. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni ìfà ti sábà máa ń sọnù. Ẹ yọ àwo irin tàbí bíríkì ẹ̀yìn yàrá iná. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn ihò tí eérú ń kóra jọ sí wà, ìwé yín yóò fi ibẹ̀ hàn yín. Ẹ ha àwọn páìpù ìgbooru, ìyẹn àwọn tí afẹ́fẹ́ ilé ń gba inú wọn gbóná. Ẹ ṣí ilé fáànù èéfín, ẹ wo àwọn abẹ rẹ̀ tó ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan: abẹ tí eérú ti kún inú kòtò rẹ̀ ń yí ni, kò fa nǹkan kan. Ẹ nù ún jẹ́jẹ́ kó má tẹ̀, kí ẹ sì fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dá a padà bí ti tẹ́lẹ̀ bá ti ya.

Lẹ́yìn èyí, páìpù. Níbi tí páìpù ti yí padà sókè lẹ́yìn ilé ni oríta kan máa ń wà, tó ní ọmọrí nísàlẹ̀. Ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Ní ìgbà òtútù wa kejì nínú ilé yìí, sítóòfù wa ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Oníṣẹ́ tí a pè pààrọ̀ súwíìṣì ìfà, ìyẹn èyí tó ń dá pẹ́lẹ́ẹ̀tì dúró bí ìfà bá lọ sílẹ̀ jù, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún kú. Ìyàwó mi ló ní ká ṣí ọmọrí tó wà níta yẹn wò. Nígbà tí mo yí i, kò kọ́kọ́ sí nǹkan kan. Mo fi ọwọ́ lu páìpù náà, eérú aláwọ̀ ìyẹ̀fun èlùbọ́ sì ya wálẹ̀ bí ẹni tú àpò, ó kún garawa dé ìdajì. Oríta yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹ wo orí páìpù níta, kí àwọ̀n rẹ̀ má dí. Ẹ wo ẹnu ìmí, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé: eku àti agbọ́n fẹ́ràn ibẹ̀ lásìkò ẹ̀rùn. Ẹ yọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí súwíìṣì ìfà kúrò lára súwíìṣì kí ẹ tó fẹ́ ẹ láti nu inú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ nígbà tó ṣì wà lára súwíìṣì, awọ inú rẹ̀ lè bẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tọ́ọ̀ṣì tí ẹ tàn láti ìsàlẹ̀ oríta gbọ́dọ̀ ríran gba inú páìpù lọ láìsí ohun tó ṣókùnkùn lójú ọ̀nà. Abẹ fáànù gbọ́dọ̀ máa yí ní fàlàlà bí ẹ bá fi ìka tì í.

3. Ẹ dí ibi tó ń jò

Ilẹ̀kùn tó jò máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé láìgba inú ìkòkò iná kọjá. Iná ń pebi afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ fi bébà há ilẹ̀kùn, ẹ tì í, ẹ fa bébà náà. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì ti rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣe é yí ilẹ̀kùn ká, ní ìwọ̀n íǹṣì mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí ẹ̀gbẹ́ tó súnmọ́ ìdè ilẹ̀kùn lè dára kí ẹ̀gbẹ́ tó wà níbi ọwọ́ má dára. Ẹ ṣe é fún àpótí eérú náà, àti ọmọrí àpótí pẹ́lẹ́ẹ̀tì bó bá ní gásíkẹ́ẹ̀tì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a ra okùn gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn á máa le láti tì, igun rẹ̀ á sì la. Ìwọ̀n tí ìwé sọ ni kí ẹ rà, kí ẹ má sì fa okùn náà tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́. Ẹ rí i pé ìkòkò iná jókòó ṣinṣin: ẹ̀yà ìdàrọ́ kan tó há sábẹ́ rẹ̀ tó láti ba gbogbo nọ́ńbà ọjọ́ náà jẹ́.

Ní ti páìpù, ẹ wo oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ilà eérú fẹ́ẹ́rẹ́ lára oríkèé túmọ̀ sí pé èéfín ti ń gba ibẹ̀ jáde. Ẹ nù ún, ẹ fi gọ́ọ̀mù ooru dí i, ẹ fún un ní wákàtí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kó gbẹ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tan sítóòfù, ẹ tan igi tùràrí, ẹ gbé e lọ yí ilẹ̀kùn ká. Èéfín rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sáré wọ ibì kankan. Ẹ gbé e lọ sí oríkèé páìpù: kò gbọ́dọ̀ sí ohun tó ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn.

4. Ẹ so géèjì mọ́ yàrá iná

Ọ̀pọ̀ sítóòfù ní ihò ìwọ̀n: bóòtù kékeré kan lápá iwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a lè yọ. Bí kò bá sí, ìwé lè ní kí ẹ gba ti rọ́bà tó lọ sí súwíìṣì ìfà. Nígbà náà, ẹ ra oríta rọ́bà kékeré, kí ẹ̀ka kan lọ sí súwíìṣì, èkejì sí géèjì. Ẹ ṣọ́ra o: nínú àwọn sítóòfù kan, rọ́bà yẹn kò ti yàrá iná wá, ilé fáànù ló ti wá. Nọ́ńbà ibẹ̀ ga ju ti yàrá iná lọ, ẹ kò sì lè fi wé iye tí ìwé kọ.

Ẹ má yọ súwíìṣì ìfà kúrò, ẹ má fi wáyà so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí sítóòfù lè máa ṣiṣẹ́. Òun ló ń dá pẹ́lẹ́ẹ̀tì dúró nígbà tí èéfín kò bá rí ọ̀nà jáde.

Ẹ tan géèjì nínú yàrá tí sítóòfù wà, ẹ jẹ́ kó gba ooru yàrá náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ dá a padà sí òdo nígbà tí rọ́bà kò tíì sí lára ohunkóhun. Magnehelic gbọ́dọ̀ dúró ní òró bí aago ara ògiri. Bó bá jẹ́ Magnehelic, ẹ wá so rọ́bà mọ́ ẹnu tí wọ́n kọ Low sí, ẹ fi ẹnu kejì sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ yàrá. Bó bá jẹ́ mànómítà oní-nọ́ńbà, ẹnu tí wọ́n kọ High tàbí + sí ni kí ẹ so ó mọ́, ẹ ó sì rí àmì ìyọkúrò níwájú nọ́ńbà. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí fáànù bá ń yí, ẹ la ilẹ̀kùn sítóòfù díẹ̀. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ sún mọ́ òdo lójú ẹsẹ̀, kó sì padà bí ẹ bá tì í. Bí kò bá mira, rọ́bà ti dí tàbí ó ti ká.

5. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́ta

Ẹ yan ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò jà. Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa gbogbo fáànù ilé. Ẹ dá irin ọ̀nà afẹ́fẹ́ padà sí ibi tí ìwé ní kó wà fún ìwọ̀n.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n nígbà tí fáànù bá ń yí tí iná kò tíì ràn. Ẹ wá jẹ́ kó jó lórí iná kékeré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ kọ ọ́. Ẹ gbé e sí iná ńlá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn, ẹ tún kọ ọ́. Nọ́ńbà kì í dúró lójú kan. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ kọ èyí tó kéré jù, èyí tó ga jù, àti ibi tó máa ń padà sí. Bó bá ń fò láti 0.04 sí 0.15, afẹ́fẹ́ ìta ló ń lu orí páìpù. Ẹ dúró dọjọ́ mìíràn.

Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, páìpù tútù ló wọ̀n. Páìpù tó dúró gbọọrọ sókè máa ń ràn fáànù lọ́wọ́ bó bá gbóná, bí ìta bá sì ti tutù tó ni ìrànlọ́wọ́ náà ti ń pọ̀ tó. Nítorí náà ẹ kọ ooru ìta sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ yọ rọ́bà, ẹ wo géèjì. Bí kò bá padà sí òdo, ẹ tún un ṣe, ẹ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n.

6. Ẹ wọn páìpù

Ẹ wá ihò ìwọ̀n lára páìpù ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ọ̀kan àbọ̀ lẹ́yìn sítóòfù. Irin méjì ni páìpù pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan wà nínú èkejì. Ẹ má kàn gún un bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ta èyí tó ti ní ihò ìwọ̀n lára, ó sì sàn kí ẹ fi í pààrọ̀ ẹyọ kan. Bí páìpù yín bá gba inú ògiri tàbí àjà, ẹ fi apá yìí sílẹ̀ fún oníṣẹ́ tó níwèé: ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí NFI, ní Brítéènì, ẹni tó wà lábẹ́ HETAS.

Ẹ ti irin ìwọ̀n wọlé, ẹ fi nǹkan dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnu irin náà kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí èéfín ti ń bọ̀, nítorí agbára ìrìn èéfín ni yóò kà dípò ìfà. Ẹ jẹ́ kó dábùú ọ̀nà èéfín. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí iná ńlá, ẹ sì kọ bóyá ó ní àmì ìyọkúrò tàbí kò ní.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ yí irin ìwọ̀n díẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì. Bí nọ́ńbà bá ń yí padà gan-an, ẹnu rẹ̀ ti kọjú sí èéfín.

7. Ẹ ka nọ́ńbà méjèèjì pọ̀

Ibi tí gbogbo iṣẹ́ yìí wà nìyí, ẹ fara balẹ̀.

Bí ìfà yàrá iná bá kéré ju ti ìwé lọ, tí páìpù sì ń tì gan-an, ìyẹn tí nọ́ńbà rẹ̀ ga láìsí àmì ìyọkúrò, ìdènà wà níwájú, láàárín ibi tí ẹ ti wọn páìpù àti ìta. Lẹ́yìn tí mo ra géèjì, mo fi sílẹ̀ títí oríta fi tún kún díẹ̀, kí n lè mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀: yàrá iná ka 0.07, páìpù sì ń tì ní 0.14. Mo da eérú oríta nù, mo tún wọ̀n ọ́n: 0.14 nínú yàrá iná, 0.03 nínú páìpù. N kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan.

Bí ìfà yàrá iná bá kéré, tí páìpù náà kò sì tì tó bẹ́ẹ̀, ìṣòro wà lẹ́yìn: ẹ̀yìn àwo irin, páìpù ìgbooru, abẹ fáànù, tàbí ilẹ̀kùn tó jò. Ẹ padà sí ìpele kejì àti ìkẹta. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ tí kò sì jò, fáànù fúnra rẹ̀ ti rẹ̀.

Bí ìfà yàrá iná bá ga, tí iná sì ṣì ń jó wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má yọ̀. Èyí ló ń tan ènìyàn jù. Ẹ fi ọwọ́ dí ẹnu ìgò, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀: ẹ ó fà á tipátipá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń wọlé. Ẹnu ìmí ti dí, tàbí ihò ìkòkò iná ti dí. Géèjì ń ka agbára ìfà, kì í ka iye afẹ́fẹ́ tó kọjá. Nígbàkigbà tí nọ́ńbà bá dára tí iná kò dára, ẹ gba iná gbọ́.

Bí ohun gbogbo bá mọ́ tí páìpù ṣì ń tì jù, ẹ ka ìgúnpá páìpù yín. Ọ̀pọ̀ ìwé ní Amẹ́ríkà ń ṣírò rẹ̀ báyìí: ìgúnpá oní-dígírì 90 tàbí oríta jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, ìgúnpá 45 jẹ́ 3, ẹsẹ̀ bàtà kan tó dùbúlẹ̀ jẹ́ 1, èyí tó dúró jẹ́ ìdajì. Oríta kan, ìgúnpá 90 kan, ẹsẹ̀ bàtà 4 tó dùbúlẹ̀ àti 6 tó dúró: 5 àti 5 àti 4 àti 3, ó di 17. Bó bá ti kọjá 15, ọ̀pọ̀ ìwé ń béèrè páìpù oní-íǹṣì mẹ́rin dípò mẹ́ta. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí bọ́tìnnì lè wò sàn.

8. Ẹ dán ilé wò

Ẹ fi géèjì sílẹ̀ lára yàrá iná, lórí iná kékeré. Ẹ tan fáànù orí ìdáná, ti balùwẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ilé Yorùbá, ìdánwò yìí ṣe pàtàkì: lọ́jọ́ tí a bá ń dín ata, fáànù orí ìdáná kì í sinmi, agbára gíga jù ni a sì máa ń fi sí. Fáànù yẹn àti sítóòfù ń jìjàdù afẹ́fẹ́ kan náà. Bí ilé bá dí dáadáa, tàbí bí sítóòfù bá wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, sítóòfù ló máa ń pàdánù.

Ẹ ṣí fèrèsé kan tó wà nítòsí sítóòfù ní ìwọ̀n íǹṣì méjì. Bí nọ́ńbà bá gòkè padà, tí iná sì tají, ebi afẹ́fẹ́ ló ń pa ilé yín. Oògùn rẹ̀ ni páìpù tó ń mú afẹ́fẹ́ láti ìta wá tààrà sí ẹnu ìmí. Nínú ilé alágbèéká ní Amẹ́ríkà, òfin ló fi dandan lé e. Ẹ má fi eré fáànù sítóòfù bá fáànù ìdáná jà.

Bí iná mànàmáná bá lọ, fáànù dúró nìyẹn, pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ìkòkò á sì ṣì máa rú èéfín. Páìpù tó gba ògiri jáde lásán, tí kò gòkè rárá, kò ní ohun tí yóò fa èéfín yẹn síta. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ tó dúró sókè níta.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: pẹ̀lú gbogbo fáànù ilé ní títàn, ìfà gbọ́dọ̀ ṣì wà láàárín ohun tí ìwé gbà.

9. Ìgbà yìí ni ẹ tó lè yí i

Bí ẹ bá dé ibí tí nọ́ńbà ti bá ìwé mu, tí iná sì dára, ẹ má yí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ sítóòfù kì í kọjá ìpele kejì.

Bó bá ṣì kù díẹ̀, ẹ kọ ibi tí ohun gbogbo wà sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ohun kan ṣoṣo, ní ìwọ̀n kékeré: ìlà kan lórí bọ́tìnnì fáànù, tàbí yíyí 50 ní ìṣẹ́jú kan bí sítóòfù yín bá ń fi iye ìyípo ka fáànù, bí ọ̀pọ̀ ti Ítálì ṣe máa ń ṣe. Ẹ dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má fọwọ́ kan iye pẹ́lẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan náà, ẹ kò ní mọ èwo ló ṣe iṣẹ́ nínú méjèèjì.

Ẹ rántí pé irin ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti fáànù kì í ṣe ohun kan náà sí géèjì. Bí ẹ bá fi kún eré fáànù, nọ́ńbà á gòkè, afẹ́fẹ́ inú iná náà á pọ̀ sí i. Bí ẹ bá ti irin ọ̀nà afẹ́fẹ́, nọ́ńbà á gòkè, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú iná á dínkù. Ẹni tó bá ń ti irin kí nọ́ńbà lè ga, ó ń fún iná lọ́rùn.

Ẹ ṣe iná kékeré kí ẹ tó ṣe iná ńlá. Iná kékeré ni sítóòfù máa ń wà ní ọ̀pọ̀ òru, orí rẹ̀ náà ló sì ti sábà máa ń kú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lára iná: ó gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀, kó máa jó kánkán, kí orí rẹ̀ má rú èéfín dúdú. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì inú ìkòkò lè máa gbọ̀n, kò gbọ́dọ̀ máa fò jáde. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wo àpótí eérú. Eérú funfun ràkọ̀ràkọ̀ tó fúyẹ́ dára. Eérú dúdú ń béèrè afẹ́fẹ́ sí i. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí kò jóná tán tó kúnnú rẹ̀, tí iná sì kúrú tó funfun, ń sọ pé ìfà ti pọ̀ jù, ẹ sì ń fi owó mú ìta gbóná.

10. Ẹ dí ihò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ dá bóòtù yàrá iná padà. Ẹ fi síkúrúù tí kì í dípẹtà àti gọ́ọ̀mù ooru dí ihò páìpù. Èéfín ń tì níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kù ní ṣíṣí fún alẹ́ kan. Bí ẹ bá fi oríta rọ́bà wọ̀n, ẹ yọ ọ́, kí ẹ so súwíìṣì padà tààrà. Ẹ tan sítóòfù, ẹ la ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀: pẹ́lẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró láàárín àkókò tí ìwé sọ.

Ẹ kọ ọjọ́, ooru ìta, orúkọ pẹ́lẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà mẹ́ta ti yàrá iná àti ọ̀kan ti páìpù sínú ìwé, kí ẹ fi ìwé náà sí abẹ́ ọmọrí àpótí pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ bá ti jó tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn àpò 50 oní-pọ́n-ùn 40. Bí 0.14 bá ti di 0.11, ẹ gbé garawa, kí ẹ lọ sí ìdí oríta.